Àádọ́ta Náírà ní Lafẹ́nwá

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin rélùwéè ní Lafẹ́nwá
Bàbá Ṣówándé da agolo mílíìkì délẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ǹtì:
káàdì agbábọ́ọ̀lù,
irú èyí tó máa ń bá ṣingọ́ọ̀mù wá nígbà kan.

"Àádọ́ta náírà lọ́kan.
Èyí tó ti ya, ọ̀fẹ́ ni."

Èyí tó ti ya gan-an ni mo ń wá.
Aṣọ́lé kan, jẹ́sì aláwọ̀ ewé,
igun káàdì tí eyín gé jẹ.
Èmi ni mo gé e, lẹ́yìn ilé ìwé ní Ìtòkò,
lọ́jọ́ tí Ìpàdéọlá fẹ́ já a gbà.

Àbí òun kọ́?
Eyín ọmọdé jọra.

Mo kọ ọ̀fẹ́, mo sanwó.
Mo gbé e símú:
òórùn agolo nìkan ló kù,
síbẹ̀ itọ́ dídùn sun lẹ́nu mi.