Ìpínlẹ̀ Méje

Ọdún mọ́kànlélógójì ni ìyá àgbà mi, Fálínì Tọ́lífà,
fi fọ aṣọ ibùsùn ní ọsibítù,
òkè Lúkáòtì sì dúró ní ọ̀kánkán fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀
bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Kò gùn ún rí.
"Àwọn àlejò ló ni òkè," ló máa ń wí,
"èmi ló ni ìsàlẹ̀."

Lónìí ó pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Ó di ẹ̀pà sísè sínú àpò pépà,
ó wọ bàtà tó fi ń lọ sí ìsìnkú,
a wọ ọkọ̀ ojú irin tí wáyà ń fà
bí ẹni ń fa korobá nínú kànga.

Ọkọ̀ gbéra. Ilé dàgẹ̀rẹ̀, igi dàgẹ̀rẹ̀,
ọmọ kan láti Oháyò bú sẹ́kún,
ìyá àgbà na ẹ̀pà sí i, ẹkún dá.
Òun fúnra rẹ̀ di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.
Ó ní òun kò bẹ̀rù,
pé kí èmi má baà ṣubú ni.

Lókè, atẹ́gùn ṣí fìlà lórí ọkùnrin kan.
Kọ́lítà afinimọ̀nà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ Jọ́jíà,
nawọ́ sí ọ̀nà jíjìn:
"Wọ́n ní bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ìpínlẹ̀ méje là ń rí."
A bẹ̀rẹ̀ sí í kà: Tẹnẹsí, Jọ́jíà, Alabámà…
ìyókù jọ èéfín, ó ń yọ́ mọ́ sánmà.
Odò ká lọ́ nísàlẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí.

Ìyá àgbà kò ka ìpínlẹ̀ kankan.
Ó fi owó ẹyọ sẹ́nu awò-awọ̀nàjíjìn,
ó dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀, ó tún dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀,
títí ó fi kan ẹsẹ̀ òkè, àdúgbò Sẹnt Ẹ́lmò, òpópónà wa.
Ó dákẹ́.
Ìdákẹ́ náà pẹ́.
Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú
nítorí ọdún mọ́kànlélógójì.

"Tẹrẹ́lì," ló wí, kò gbójú kúrò,
"ìwọ lo jáde kẹ́yìn.
Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu.
Ajá Mísísì Ọ́gútírì ń wọlé lọ,
kéèkì mi sì wà lórí tábìlì."

Ẹ̀rọ dún kẹ́, ojú rẹ̀ dé.
A kò dé ìṣàn omi abẹ́ ilẹ̀ mọ́,
bẹ́ẹ̀, mo ti sanwó rẹ̀.

Ìlàjì kéèkì ló kù.
Ó gé e, ó bu tèmi fún mi,
ó mú tirẹ̀ lọ síwájú fèrèsé,
ó ju ọwọ́ sókè sí òkè náà,
bóyá ẹnì kan tó ní owó ẹyọ ń wò.