Kùrukùru ní Gírínláńdì

Hẹlikópítà gbé wọn wá láti Núùkù,
ọkùnrin mẹ́ta, àwòrán ilẹ̀ kan.
Wákàtí kan péré ni ìpàdé, wọ́n ní.
Lórí àwòrán wọn, abúlé wa ò ju
ibi tí eṣinṣin ṣu sí lórí ìwé lọ.
Òkun wa funfun báláú.
"Ibí ni èbúté àwọn awakùsà yóò wà."

Bolẹ́ẹ̀tì, opó Ẹ́skílì, nawọ́ sókè:
"Ta ni ẹ bi?"
Ọ̀gá wo aago.

Kùrukùru ló bá wa dá a lóhùn.
Ó bo òkè, ó bo omi,
ó bo hẹlikópítà títí dé ìrù.
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Àlejò di ará ilé,
wọ́n ń bá wa jẹ ẹja gbígbẹ.
Kí ni wọn ìbá tún ṣe, bí kò ṣe kí wọ́n gbọ́?

Bolẹ́ẹ̀tì gba gègé lọ́wọ́ wọn.
Ó fa ìlà síbi tí yìnyín ti ń kọ́kọ́ sán,
ó fa ìlà sọ́nà tí ẹja ń gbà bọ̀.
Ó gbé ẹnu gègé lé ibì kan, kò fa nǹkan kan.
A mọ̀. Ibẹ̀ ni omi ti gbé Ẹ́skílì lọ.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí:
bí abẹ bá tilẹ̀ ti dé,
kí olórí jókòó, kó fọwọ́ han ibi tí egbò wà.

Lọ́jọ́ kẹrin, ojú ọ̀run là.
N ò mọ ohun tí wọn yóò pinnu.
Ṣùgbọ́n ọ̀gá ò tíì wọ ọkọ̀;
ó ń bi wá bí a ṣe ń kọ orúkọ omi náà,
àwa mẹ́rin sì ń jiyàn lé e lórí.