Òjò Tí Ẹnikẹ́ni Ò Dì

Ọdún mẹ́fà la fi dá àjọ yìí ní Iloilo,
sínú agolo bisikíìtì tí Gerarda fi téèpù wé lẹ́ẹ̀mẹta
kí Delfin má baà yá nínú rẹ̀ ra oúnjẹ àkùkọ.
Lónìí, bàtà wa ti tẹ ilẹ̀ Hokkaido.
Ẹrù mẹ́ta ló jáde lórí rọ́bà tó ń yí.
Ẹni mẹ́rin ni wá.

A dúró títí rọ́bà náà fi ń yí lásán
bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ sọ.
Ọmọbìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun
tẹríba fún Perlita lẹ́ẹ̀marùn-ún.
Perlita tẹríba fún un lẹ́ẹ̀mẹfà,
kò ní í jẹ́ kí ọmọdé borí òun nínú ìkíni.
Ẹrù ṣì wà ní Manila.

Nínú ọkọ̀ ojú irin la ti dá aṣọ fún un:
ṣòkòtò Delfin, súwẹ́tà mi,
ìbọ̀sẹ̀ Gerarda tó ní àwòrán ọ̀pẹ òyìnbó.
Òkun wà lápá ọ̀tún, ó dúdú bí ìdí ìkòkò,
òjò dídì ń wọ inú rẹ̀ láìdún.
A dákẹ́.
Ẹ wò ó, ẹrù tí Perlita dì kò dé,
òjò tí ẹnikẹ́ni ò dì ló kún ilé ayé.

Gerarda ti fi rúlà fa ìlà sí ọjọ́ wa.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ni ní ìṣirò.
Aago mẹ́wàá, odò tí wọ́n gbẹ́ sáàárín ìlú Otaru;
aago mọ́kànlá ààbọ̀, ilé àwọn tó ń fẹ́ gíláàsì;
aago kan, ẹja.
Aago kan lù, a ṣì wà ní ìsàlẹ̀ òkè
tí ilé tí a máa sùn wà ní téńté rẹ̀,
à ń wò ó bí ewúrẹ́ ṣe ń wo iṣu lórí àjà.

Mo gbé ẹsẹ̀ kan, ó yọ̀.
Delfin dì mí mú, tirẹ̀ náà yọ̀.
Gerarda ní, "Ṣebí mo sọ fún yín pé irú bàtà báyìí—"
ló bá jókòó sínú funfun.
Àpótí Delfin nìkan ló mọ ibi tó ń lọ:
ó padà sí ibùdókọ̀.

Bàbá kan ń fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Kudo lorúkọ rẹ̀, a mọ̀ nígbà tó yá,
òun gan-an ló ni ilé tí à ń wá.
Kò gbọ́ èdè wa, a ò gbọ́ tirẹ̀.
Ó fi ṣọ́bìrì ti ògiri,
ó tẹ orúnkún, ó na apá sẹ́yìn díẹ̀,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí pẹ́pẹ́yẹ,
àtẹ́lẹsẹ̀ pẹrẹsẹ, ìṣísẹ̀ kéékèèké,
ó ń bojú wẹ̀yìn bóyá à ń kọ́ ọ.
Àgbàlagbà mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá láàárín wa,
tò sẹ́yìn rẹ̀ gun òkè.
Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ẹni náà.
Ẹsẹ̀ wa ń yọ̀, àwa náà ń yọ̀,
ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ kó sọ.

A ò rí odò. A ò rí gíláàsì.
Ìyàwó Kudo gbé ọbẹ̀ ẹja olómi wá.
Gerarda ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó,
ó sì fi ìka bẹ̀bẹ̀ fún abọ́ kejì.
Lẹ́yìn náà ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó ń wá ìrésà.
Inú ẹrù Perlita ló wà.
Ó dojú ìwé náà délẹ̀.

Perlita fi ife bu òjò dídì lójú fèrèsé,
ó da ṣúgà sí i, ó lá a,
ó ní bí inú fíríìjì ṣe rí lẹ́nu òun nìyẹn
lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọ ilé bàbá òun.

A ti paná báyìí. Orí ẹní ni gbogbo wa sùn.
Delfin béèrè nínú òkùnkùn, "Aago mélòó ló lù nílé?"
Wákàtí kan ni ibí fi ṣáájú.
Ó ń ṣírò: "Tí àkùkọ mi bá kọ ní mẹ́rin,
márùn-ún ni lọ́dọ̀ wa.
Ṣé ọmọ yẹn rántí fún un lóúnjẹ ṣá?"
Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Gerarda ti ń hanrun.
Níta, òjò náà kò sinmi,
ó ń di òkè yẹn, ilé kọ̀ọ̀kan, igi kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra láàárọ̀.