Ẹ̀yìn Fọ́tò

Ní Grimsby, lókè ilé ẹja tí wọ́n ti tì pa,
alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kíláàsì.
Òórùn yìnyín àti ẹja ò tíì kúrò lára àtẹ̀gùn;
Daiva, ará Lituéníà, gbé tirẹ̀ wá pẹ̀lú
lábẹ́ èékánná, bó tilẹ̀ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyáàfin Garbutt, ẹni tí kì í dárí ji ẹni tó gbàgbé àmì òpin,
kọ orúkọ mẹ́ta sójú pátákó: ọ̀nà, èéfín, omi.
Ó so ìrù lẹ́tà mẹ́ta mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan,
ó tò wọ́n tẹ̀lé àwọn orúkọ náà
bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn ìyá wọn:
ọ̀nà, ní jíjáde kúrò nílùú;
èéfín, ní rírú kúrò lórí òrùlé;
omi, ní títàn ká láti ibi tí òkúta já sí.
"Gbogbo wọn ló ń lọ síta," ó ní,
"ẹ má bi mí ìgbà wo."

Èdè tí mo fi ń rò ó yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.
Àwa ní "tí", okùn tí a fi í so ewúrẹ́ mọ́ igi:
ọkọ̀ tí ó ń lọ, ọkọ̀ tí ó ti lọ, ọkọ̀ tí yóò lọ.
Ẹni tó bá gbọ́ á mọ ìgbà tó yẹ kí òun sunkún.
Tiwọn kò so nǹkan kan.
Ọkọ̀, ìrù, ó tán.
Àná ni? Òní ni?
Ìrù kò sọ.

Daiva ní nílé àwọn, irú ọ̀rọ̀ yẹn a máa bá orúkọ wọ aṣọ kan náà,
bí orúkọ bá jẹ́ obìnrin, òun náà a di obìnrin,
iwájú ló sì sábà máa ń rìn.
Hêmin, tó ń gẹrun fún àwọn atukọ̀, nawọ́:
"Màdáámú, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà?
Gbólóhùn yìí ò tíì parí."

Ìyáàfin Garbutt gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.
Ó tú báàgì rẹ̀, ó yọ fọ́tò kan
tí etí rẹ̀ ti rọ̀ bí aṣọ àlòkù.
Ìdí ọkọ̀ apẹja la rí, òkun eérú, ẹyẹ méjì,
àti ọkùnrin kan tí kò ju hóró àgbàdo lọ, ọwọ́ rẹ̀ lókè.
Ó yí i padà. Pẹ́ńsùlù, ọwọ́ ìyá rẹ̀:
*Ọkọ̀, ní kíkúrò ní èbúté*
*Walt, ní jíjuwọ́ láti ìdí ọkọ̀*
Kò sí ọjọ́. Kò sí àmì òpin.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí. Apá Áísíláǹdì ni wọ́n dorí kọ.
A kó kúrò nílé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn,
ìyá mi fi àdírẹ́sì tuntun sílẹ̀ lọ́fíìsì èbúté nígbà méjèèjì.
Òótọ́ lo sọ, Hêmin. Kì í ṣe gbólóhùn.
Orúkọ ni, tòun tìrù rẹ̀.
Gbólóhùn gbọ́dọ̀ dé ibì kan."

Hítà ń dún kẹ́, kẹ́.
Ẹnì kan wúkọ́ tí kò ní ikọ́.
Ó ní ká kọ márùn-ún márùn-ún.

Mẹ́rin ti Daiva yá: bọ́ọ̀sì, ẹyẹ, ooru, ẹ̀jẹ̀ ẹja.
Ìkarùn-ún ló pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀:
*ọmọbìnrin, ní jíjáde kúrò ní Panevėžys, àpò kan lọ́wọ́.*
Ó fi àmì òpin sí i.
Ó wò ó. Ó fi ìka pa á rẹ́,
ojú ibẹ̀ dúdú díẹ̀, ó ń rùn bí ẹja.

Nígbà tí Ìyáàfin Garbutt gba ìwé,
ó fi bíró pupa tún lẹ́tà kan ṣe nínú "àpò".
Bíró náà dé ìparí ìlà,
ó rọ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀,
ó sì kọjá sórí ìwé Hêmin.