Ewé Tó Ń Gbé Iná Mì

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ l'Ákòkà.
Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gba ojú fèrèsé tó fọ́ wọlé.
Mo ti gún ewé ẹ̀wà, mo ti sẹ́ ẹ,
oje rẹ̀ wà nínú ìgò, ó dúdú minimini.
Ó wu ojú. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.

Kábọ́ọ̀nù tí a fún ewé yìí mu lánàá
ń ta iná wínníwínní níbẹ̀,
iná tí ojú ẹ̀dá ò tó,
tí ẹ̀rọ ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ka owó ẹyọ.
Àmọ́ àwọ̀ ewé dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń gbé e mì kó tó jáde.
Ẹ̀rọ ka ẹgbẹ̀ta.
Ẹ̀rọ ò purọ́ o;
ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kà.

Ṣẹ̀yẹ ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

N ò dá a lóhùn.
Mo rántí ìyá mi, alágbàfọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta,
tó máa ń sá aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì sórí koríko
tọṣẹtọṣẹ, tí á ní:
"Ẹ fi í sílẹ̀. Ọwọ́ ń fọ ìdọ̀tí,
òòrùn ló ń fọ àbàwọ́n."

Mo kán pẹrọ́sáìdì sí i, ẹ̀kán mẹ́ta.
Ó hó. N ò dé e pa, kó má baà bẹ́.
Mo gbé e sínú ooru
tí kò ju ti omi ìwẹ̀ ìyá ọmọ tuntun lọ.
NẸ́PÀ mú iná lọ. Ṣẹ̀yẹ sáré wá epo bẹntiróò.
Kó tó dé, àwọ̀ ti ń ṣá:
ó dà bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó dà bí omi àgbọn,
ó wá mọ́ bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Síbẹ̀, kò tíì tó kíkà.
Oògùn tuntun a máa tan iná èké tirẹ̀;
òkùnkùn ni yóò sùn mọ́jú.
Lánàá, ẹ̀rù ń bà wá kó má dín,
lónìí, kó má lé.
Mo tún kán èyí tí mo mọ iye rẹ̀ sínú ìgò kan,
bí ẹni fi owó tó ti kà
dán akápò wò.

Ilẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé díẹ̀.
Ṣẹ̀yẹ fa igi lé ẹgbẹ̀ta, kò sọ̀rọ̀.

Ìbọ̀wọ́ mi ti lu.
Ìka méjì funfun níbi tí oògùn ti ta bá mi.
Ìyá mi nírú rẹ̀,
ní ọwọ́ ọ̀tún.