Béèrè Kí O Tó Pa Á Rẹ́

Sódíìkì, fa àga mọ́ra. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Pàkátà,
a ò mọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n máa fún wa.
Nítorí náà, kí o tó húkọ́, tọ́jú iṣẹ́ rẹ.
Odidi yìgì kan ti ṣègbé mọ́ mi lọ́wọ́ rí,
ọkọ, ìyàwó, àlùfáà mẹ́rin,
iná lọ, ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò.

Má fọwọ́ kan àwòrán tí oníbàárà gbé wá.
Ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tẹ́ ẹ lé e, bí ẹni tẹ́ ẹní sórí ẹní.
Orí ẹní òkè ni kí o ti máa ṣeré.
Bí o bá da omi sí i, ti ìsàlẹ̀ á ṣì gbẹ.

Ìlà tó la ojú yìí já, ibi tí wọ́n ti ká a sínú àpótí ni.
Má fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá gbá a bí ẹni ń gbálẹ̀ ọjà Ìpàtà.
Sún mọ́ ọn. Sún mọ́ ọn sí i.
Dín agbára ọwọ́ rẹ kù sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún,
kí o mú òǹtẹ̀ níbi tí ara ti dá, lẹ́bàá ọgbẹ́ gan-an.
Má yá awọ iwájú orí fi lẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́;
oòrùn kò pa àwọn méjèèjì bákan náà.
Ẹni tó bá ní kí o sọ òun di pupa,
ìmọ́lẹ̀ ni kí o gbé sókè. Awọ kì í ṣe àṣìṣe.
Lẹ́yìn náà, dìde. Lọ sẹ́nu ọ̀nà,
wo àwọn tó ń ti ìrun aláásárì bọ̀,
kí o tó padà wá wò ó láti òkèèrè.
Ojú tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ a máa parọ́ fún olówó rẹ̀.

Mo ti sọ ti Ìyá Hàbíbátù fún ọ? Rárá, o ò tí ì dé nígbà náà.
Àwòrán ìyá rẹ̀ ló gbé wá, amọ̀kòkò ní Dada,
ó jókòó láàárín ìkòkò tútù, amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.
Ẹnìkan ti gé apá ọ̀tún àwòrán náà dànù,
ọwọ́ kan wá kù léjìká obìnrin náà,
ìka márùn-ún, aago kan.

Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo rò pé mo mọṣẹ́.
Mo pa ìka kọ̀ọ̀kan rẹ́, mo fi òdòdó àǹkárá bo ojú wọn,
ó gún débi pé mo pe télọ̀ ilé kejì wá wò ó.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló dé. Ó gbé e sí iná. Kò pariwo.
"Ọwọ́ bàbá mi ńkọ́?"
Ìjà ni, ó ní. Ẹ̀gbọ́n ìyá òun ló fa àlùmọ́gàjí yọ,
ó gé ọkùnrin náà kúrò,
ṣùgbọ́n kò rí ọwọ́ gé láì gé èjìká.
"Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn."

Òógùn bò mí. Àmọ́ ẹní méjì ni mo tẹ́, ṣé o rántí?
Wo ojú kékeré yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele òkè. Tẹ̀ ẹ́, á dijú.
Mo tẹ̀ ẹ́ níwájú rẹ̀. Òdòdó mi pòórá,
ọwọ́ náà padà sórí èjìká
bí ẹni tó kàn jáde lọ ṣàlùwàlá.
Ó na ìka kan gíláàsì, ó fi àpá ọ̀rá sílẹ̀ níbẹ̀.
N kò tètè nù ún.

Béèrè, Sódíìkì. Nọ́ńbà wọn wà lẹ́yìn rìsíìtì.
"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni òjìji yìí?"
Náírà mélòó ni ìpè kan?

O ti tọ́jú ẹ̀?
Mo ní tọ́jú ẹ̀. Iná ti ń ṣẹ́jú.