Òṣùká Lẹ́nu Ọ̀nà

Fadékẹ́mi ọmọ mi rí i nínú fóònù,
ó ní, "Màmá, ẹ wo adé tí wọ́n fi kọ́ ilẹ̀kùn!"
Ewé tútù roboto, ribọ́ọ̀nù pupa ní ìdí rẹ̀,
lára ilẹ̀kùn ìlú kan tí yìnyín bò.
Mo bèèrè iye rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan létí Màrínà.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà. Ike ni.
Mo dá a padà sórí ìṣó, mo ní ẹ kú ọjà.

Baba Fadékẹ́mi kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí.
Àwọ̀n ló ń tún ṣe, abẹ́rẹ́ wà láàárín eyín rẹ̀.
"Ibojì ni mo ti rí irú nǹkan yẹn kẹ́yìn."
Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ ló gbé e wá lóṣù kẹta,
wọ́n gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, lórí erùpẹ̀ pupa.
"Kí ilé mi má jọ itẹ́ òkú lọ́jọ́ Kérésì."
A dákẹ́.
Ọ̀sà nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń gbálẹ̀ abà tí ìyá ọkọ mi ti ń yan ẹja,
mo bá òṣùká rẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n:
àkísà àdìrẹ tí a lọ́ títí tó fi le bí igi,
èéfín ti sọ ọ́ dúdú,
ó ṣì ń rùn bí ẹja àrọ̀.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi wà lórí obìnrin náà,
láti etí omi dé Pópó-Òbà, lójò, lẹ́ẹ̀rùn.
Òṣùká a gbẹ́rù délé, wọn a jù ú sí kọ̀rọ̀.
Ta ní í kí òṣùká kú iṣẹ́?

Mo gbọn eruku rẹ̀, mo pe ọmọ.
Màrìwò la kọ́kọ́ là, a fi wé e yí po.
Àlàájà Sínótù kó ewé fúrúùtù wá nínú ìborùn rẹ̀,
ọyẹ́ ti kun gbogbo wọn ní pupa rẹ́súrẹ́sú.
"N ò mọ ohun tí ẹ ń fi wọ́n ṣe o," ló wí,
"ṣùgbọ́n ẹ tún wá kó sí i, mo ti gbá a sú."
A gbìyànjú èèpo ọsàn; èèrà bò ó, a yọ ọ́ dànù.
A fi fọ́nrán àwọ̀n so ìkarahun méje,
a fi àjákù àńkárá ta kókó ńlá kan nísàlẹ̀.
Síbẹ̀, apá òkè pá, bí orí àgbàlagbà.

Baba Fadékẹ́mi dìde. Kò sọ̀rọ̀.
Ó já kọ́ọ̀kì mẹ́ta lára àwọ̀n rẹ̀,
ó tò wọ́n síbi tó pá.
Ó wá gbé òṣùká sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀.
"Màámi."
Ìgbà tó yá ló bèèrè òòlù.

Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dúró wò ó,
àwọn tó ń ti mọ́sáláṣí bọ̀ dúró wò ó.
Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín títí: òṣùká lára ilẹ̀kùn!
Ìyá arúgbó kan kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.
Ó fọwọ́ kàn án, ó sì fọwọ́ kan àtàrí ara rẹ̀.

Nígbà tí ọdún tuntun fi pé ọjọ́ mẹ́ta,
ewé fúrúùtù ti rún,
ewúrẹ́ Àlàájà ti jẹ màrìwò dé ìdajì,
ìkarahun méjì ti já bọ́, a kò rí ọ̀kan.
Mo ní kí n gbé e padà sí abà.
Fadékẹ́mi ti yọ ọ́ lórí ìṣó,
ó ti gbé e lé orí, ó ti gbé garawa lé e,
ó ń ti ìdí kànga bọ̀,
omi ń ta sí i létí,
kò sì dúró nù ún.